Oníbodè Owó: Bí Aṣọ Òfì Ìṣẹ́yìn Ṣe Lè Gba Owó Nílé àti Lókè Òkun

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú wa sọ níbi ìpàdé orí Zoom tí a ṣe lórí ọjà aṣọ òfì ni ẹ fẹ́ kà yìí. Àwọn tí kò ráyè wọlé ló ní ká kọ ọ́ sílẹ̀. A fi í sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já nìkan la yọ kúrò.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ ní kí n lò, mi ò ní kọjá rẹ̀.

Ẹ ní kí n wá ṣàlàyé bí ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń gba owó. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston á máa sọ pé, “Kí ló le níbẹ̀? Ṣebí èèyàn á kàn tẹ nọ́ńbà káàdì ẹ̀ ni.” Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà á máa sọ pé, “Kí ló le níbẹ̀? Ṣebí a ó fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì ni.” Àárín èrò méjèèjì yìí gan-an ni ọjà wa ti ń bọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ gbé aṣọ òfì sórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ìdílé wa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń jẹ owó olówó. Ahunṣọ mẹ́fà ló ń bá a ṣiṣẹ́. Àwòrán iṣẹ́ wọn á wà lórí ìkànnì, oníbàárà á mú èyí tó wù ú, ẹ̀gbọ́n mi á fi nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Owó bá wọlé, á yọ ti ahunṣọ fún un. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó bá a jà.

Ìgbà kan wá, obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ ní kí a bá òun hun ogún gèlè àti fìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjà ńlá! Káàdì báńkì òyìnbó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àkáǹtì náírà la fún un. Kò mọ bó ṣe máa san án. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Ìbàdàn bá òun san án. Ẹ̀gbọ́n yẹn ní òun ń bọ̀, òun ń bọ̀, ó di ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tó yá, obìnrin náà kọ̀wé sí wa pé, “Ẹ má bínú, mo ti rà á lọ́wọ́ ẹnìkan ní Peckham níbí.” Ó lè jẹ́ ìlú wa ni aṣọ ti Peckham yẹn náà ti wá. Àmọ́ èrè rẹ̀ kò dé ìlú wa.

Ìkejì ló dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré, ó kú. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Owó àwọn ahunṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Nígbà tí báńkì gbọ́, wọ́n ti àkáǹtì náà pa, wọ́n ní ká lọ gba ìwé nílé ẹjọ́ tó fi hàn pé àwa la lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó fi sílẹ̀. Báńkì ò ṣẹ̀ o, bí òfin ṣe wí nìyẹn. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé òfin fún ẹni tó ra òwú láwìn? Oṣù mọ́kànlá la fi rin ìrìn ìwé yẹn. Baba kan nínú àwọn ahunṣọ wá bá mi nílé, ó jókòó, kò mu omi tí mo gbé fún un. Ó ní, “Ọmọ mi, mi ò sọ pé ẹ̀gbọ́n ẹ jalè. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí owó mi wà ni.”

Mi ò rí èsì fún un. Ọ̀rọ̀ baba yẹn ló gbé mi dé iwájú yín lónìí.

Torí náà, nǹkan méjì péré ni mo wá sọ. Ìkíní: kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan lè san owó bó ṣe ń san án nílùú tó wà. Ìkejì: kí owó náà wọ ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ti lè béèrè pé ibo ló wà, kó sì rí èsì. Ẹni tó bá sùn lọ nísinsìnyí, ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi.

Ta ni oníbodè owó?

Láyé àtijọ́, ìlú ní odi, odi ní bodè, bodè ní oníbodè. Oníṣòwò tó bá gbẹ́rù dé, oníbodè á bi í pé: ìwọ ta ni? Kí lo gbé? Ibo lò ń lọ? Tí ọ̀rọ̀ bá dọ́gba, á gba owó ibodè, á jẹ́ kó kọjá.

Ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní payment gateway kò ju ìyẹn lọ. Oníbàárà wá sórí ìkànnì wa, ó mú ìpele kan, ó tẹ ibi tí a kọ “san owó” sí. Ní kíá, oníbodè gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wa. Òun ni oníbàárà ń fún ní nọ́ńbà káàdì rẹ̀, kì í ṣe àwa. Ó lọ bá báńkì tó ni káàdì: ṣé ẹni yìí ló ni ín lóòótọ́? Ṣé owó wà níbẹ̀? Báńkì lè fi OTP ránṣẹ́ sí fóònù oníbàárà kí ó fi jẹ́rìí ara rẹ̀. Tí báńkì bá ní bẹ́ẹ̀ ni, oníbodè á sọ fún ìkànnì wa pé, “Owó ti wọlé, ẹ di ẹrù.” Kò ju kí èèyàn ka ení, èjì dé ogún lọ.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa o: lásìkò yẹn, owó ò tíì dé àkáǹtì wa. Ọwọ́ oníbodè ló ṣì wà. Á yọ owó ibodè tirẹ̀, á wá kó èyí tó kù sínú àkáǹtì wa, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e fún owó abẹ́lé. Torí náà, ẹni tó bá tajà lónìí tó sì fẹ́ fowó rẹ̀ ra òwú lónìí, kó fi sọ́kàn.

Kí ló wá dé tí oníbodè kan ò tó? Torí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀, báńkì àgbà tirẹ̀, àti bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń náwó. Ẹni tó mọ náírà dáadáa lè má mọ CFA rárá. Ẹ jẹ́ ká gbà á ní ìlú-ìlú.

Nàìjíríà: fífi owó ránṣẹ́ láti báńkì ló gbawájú

Níbí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé “ẹ fún mi ní account number” ni èdè ọjà. Láti 2011 tí ilé iṣẹ́ NIBSS, tí àwọn báńkì jọ ní, ti gbé ètò NIP jáde ni owó ti ń fò láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí owó tuntun wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, kódà àwọn aláta àti ọlọ́kadà tí kì í gbà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, nítorí kò sí ọ̀nà míì.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ayédèrú alert. Mélòó nínú wa ni wọn ò tíì fi alert irọ́ gba ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ rí, tàbí lọ́wọ́ ìyá ẹ̀? Oníbodè ló ń wo àrùn yìí sàn. Tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, oníbodè á fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì kan tó jẹ́ ti ọjà yẹn nìkan, fún ìgbà díẹ̀. Owó bá wọ ibẹ̀, ìkànnì wa mọ̀ fúnra rẹ̀. Owó ò bá wọ ibẹ̀, àwòrán alert tó wù kó fi ránṣẹ́, ẹrù ò kúrò nílé.

Àwọn oníbodè tiwa wà, wọn ò sì kéré. Interswitch ti wà láti 2002, àwọn ló ni káàdì Verve. Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá Paystack sílẹ̀ ní 2015. Ní 2020, ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà rà á. Flutterwave náà bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ọmọ wa ló pọ̀ nínú àwọn tó dá wọn sílẹ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Owó ibodè ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ti Paystack ṣe ìṣirò, bó ṣe wà lórí ìkànnì wọn nígbà tí mo ń múra ọ̀rọ̀ yìí. Fún owó tó wá láti abẹ́lé, 1.5% àti ₦100 ni wọ́n ń yọ, kì í sì í ju ₦2,000 lọ bó ti wù kí ọjà tóbi tó. Tí ọjà ò bá tó ₦2,500, wọn kì í gba ₦100 yẹn. Tí aṣọ bá jẹ́ ₦80,000, 1.5% rẹ̀ jẹ́ ₦1,200. Fi ₦100 kún un, ó di ₦1,300. Ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ wa jẹ́ ₦78,700. Tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí ₦400,000, ₦2,000 náà ni wọ́n máa yọ. Ẹ fi èyí sínú iye ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má di pé ahunṣọ ló ń san án láìmọ̀. Wọ́n sì máa ń yí iye yìí padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà: inú fóònù ni owó wà

Ẹ má jẹ́ ká fojú fo àwọn ará Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́. Èdè kan náà là ń sọ, ayẹyẹ kan náà là ń ṣe, aṣọ òfì ò ṣàjèjì sí wọn. Àmọ́ owó CFA ni wọ́n ń ná, bíi ti Tógò. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná CFA yẹn pọ̀ lábẹ́ báńkì àgbà kan tí wọ́n ń pè ní BCEAO. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní káàdì báńkì. Inú fóònù ni owó wọn wà: MTN MoMo, Moov Money. Tí ẹ bá ní kí ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ nọ́ńbà káàdì, ẹ ti lé e lọ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń san án rọrùn ju tiwa lọ. Oníbàárà á tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí ìkànnì, ìbéèrè á jáde lórí fóònù náà pé, “Ṣé o gbà kí a san iye báyìí?” Á tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ó parí. Àwọn oníbodè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ gan-an wà, bíi FedaPay àti KKiaPay, tí wọ́n mọ owó orí fóònù yìí dunjú. Ohun kan ni pé ìwé ilé iṣẹ́ tó ní ìdí níbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tó wà ní Kùtọnù ti máa wúlò fún wa.

Gánà náà bẹ́ẹ̀: MoMo ló gbòde. Paystack wà ní Gánà, ó sì ń gba MoMo níbẹ̀, àmọ́ àkáǹtì tí ẹ fi ìwé Nàìjíríà ṣí kì í gba owó sídì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀yí. Wọ́n á gbọ́ pé oníbodè kan “wà ní gbogbo Áfíríkà,” wọ́n á rò pé bí wọ́n bá ti ṣí i ní Nàìjíríà, gbogbo rẹ̀ ló ti ṣí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ máa bi oníbodè èyíkéyìí ni pé: “Pẹ̀lú ìwé tí mo ní yìí, ṣé mo lè gba MTN MoMo láti Bẹ̀nẹ̀? Owó wo lẹ máa fi san án fún mi? Ọjọ́ mélòó?” Ẹ ní kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn báńkì náà ń gbìyànjú. Ní oṣù kìíní 2022, wọ́n ṣí ètò kan tí wọ́n ń pè ní PAPSS ní Accra, kí ẹni tó wà ní Gánà lè fi sídì sanwó kí ẹni tó wà ní Nàìjíríà sì gba náírà, láìgba orí dọ́là kọjá. Ìyẹn ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín báńkì sí báńkì. Ẹ fi í sọ́kàn, àmọ́ ẹ má torí rẹ̀ dúró.

Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà: káàdì

Obìnrin Lọ́ńdọ̀nù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Visa tàbí Mastercard ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbodè Nàìjíríà lè gba káàdì yẹn, àmọ́ kì í ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ ní láti kọ̀wé béèrè fún un, wọ́n á sì fẹ́ rí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́. Ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ lásán ṣí àkáǹtì sábà máa ń rí i pé ẹnu ọ̀nà yìí ti pa mọ́ òun.

Owó ibodè rẹ̀ pọ̀ jù ti abẹ́lé lọ. Ní Paystack, 3.9% àti ₦100 ni. Aṣọ ₦80,000 yẹn, ₦3,220 ni wọ́n máa yọ níbẹ̀. Ti ₦400,000 ńkọ́? ₦15,700. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ₦2,000 tí abẹ́lé? Torí náà iye tí a máa kọ fún ará òkè òkun kò lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ará Ìbàdàn, ká má sì tijú sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Àwọn kan á ní, “PayPal ńkọ́?” PayPal ṣí ẹnu ọ̀nà fún Nàìjíríà ní 2014, àmọ́ fífi owó ránṣẹ́ jáde ni wọ́n gbà wá láyè, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ò fi lè gba owó wọlé. Stripe náà, ilé iṣẹ́ tó ní ìwé ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ló ń gbà. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n gba owó fún wa, kò burú, àmọ́ owó orí ìjọba ibẹ̀ á kàn wọ́n, ìwé ìṣirò á sì wà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìlú ti ẹnikẹ́ni sínú wàhálà tí kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ iye owó náà. Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà láti oṣù kẹfà 2023. Ẹni tó bá kọ iye ọjà ní pọ́n-ùn lórí ìkànnì tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó lè jẹ́ òun ni yóò pàdánù, ó sì lè jẹ́ oníbàárà. Ẹ jẹ́ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá jẹ́ náírà ni a máa yọ lára káàdì, ká kọ ọ́ síbẹ̀ kedere, kí oníbàárà mọ̀ pé báńkì rẹ̀ ló máa ṣẹ́ owó náà.

Ti Bràsíl, mo gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pariwo rẹ̀ lórí WhatsApp. Òótọ́ ni pé láti ayé ọ̀wọ̀n ni aṣọ híhun ilẹ̀ wa ti ń dé Bahia, pano da costa ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Pix, tí báńkì àgbà wọn gbé jáde ní oṣù kọkànlá 2020, ni wọ́n fi ń sanwó báyìí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣí ẹnu ọ̀nà tí oníbàárà ń kàn lónìí ná.

Bí a ṣe máa ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

1. Orúkọ. Ká forúkọ sílẹ̀, yálà lọ́dọ̀ CAC, tàbí gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Kí amòfin kan nínú wa sọ èyí tó bá wa mu.

2. Àkáǹtì báńkì ní orúkọ yẹn gan-an. Kó má ṣe é yọ owó níbẹ̀ láìsí ọwọ́ èèyàn méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ahunṣọ.

3. Ká ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ oníbodè. Wọ́n á béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀, BVN àti ìwé ìdánimọ̀ àwọn olùdarí, àdírẹ́sì, àti nọ́ńbà àkáǹtì tí a ṣí.

4. Ká so ó mọ́ ìsọ̀ wa. Bó jẹ́ WooCommerce, bó jẹ́ Shopify, àwọn oníbodè ńlá ti ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní plugin sílẹ̀. A kàn máa gbé e sínú rẹ̀ ni, ká fi kọ́kọ́rọ́ méjì tí wọ́n fún wa síbẹ̀.

5. Ká dán an wò. Kọ́kọ́rọ́ tí a kọ test sí lára kì í gba owó gidi. Ẹ̀yà ìdánrawò ni. Ká fi ra ọjà, ká fi káàdì tí kò lówó rà á, ká pa fóònù lójijì láàárín rẹ̀, ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

6. Ká so ohun tí wọ́n ń pè ní webhook mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníbàárà bá já lẹ́yìn tó sanwó tán, oníbodè fúnra rẹ̀ á kàn sí ìkànnì wa láti sọ pé owó ti wọlé. Láìsí i, oníbàárà á ti sanwó, ìkànnì á ní kò san. Ìjà dé nìyẹn.

7. Ká wá yí i sí kọ́kọ́rọ́ gidi, kí ọ̀kan nínú wa fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan kékeré, ₦3,000 bẹ́ẹ̀. Ká wo ọjọ́ tó dé báńkì àti iye tó dé. Ẹ̀yìn ìyẹn la máa tó kéde.

8. Nígbà tí ti Nàìjíríà bá ti rìn fún oṣù mẹ́ta, ká fi ti káàdì òkè òkun kún un, lẹ́yìn náà ti Bẹ̀nẹ̀.

Ìdáhùn fún baba yẹn

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Àwọn oníbodè bíi Paystack àti Flutterwave ní ètò kan tí wọ́n fi ń pín owó lójú ẹsẹ̀. Tí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú aṣọ ₦80,000 yìí, ₦65,000 jẹ́ ti ahunṣọ, tí owó bá wọlé, ti ahunṣọ á lọ tààrà sí àkáǹtì ahunṣọ, ₦13,700 tó ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ibodè á lọ sí ti ẹgbẹ́, fún dídi ẹrù, ìkànnì àti iṣẹ́. Kò ní gba ọwọ́ mi kọjá. Kò ní gba ọwọ́ alága kọjá. Bí mo bá kú lálẹ́ òní, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, owó baba ò ní kú pẹ̀lú mi.

Ká tún ṣọ́ra. Nínú kọ́kọ́rọ́ méjì yẹn, ọ̀kan jẹ́ àṣírí, secret key. Ẹ má fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ má fi fún ọmọ tó ń bá yín tún ìkànnì ṣe kí ẹ tún fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó bá lọ. Ẹ má gba àwòrán káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì máa tọ́jú ìwé tí àwọn agbérù fún yín, torí oníbàárà lè lọ bá báńkì rẹ̀ pé òun ò rí ọjà gbà. Chargeback ni wọ́n ń pe ìyẹn. Tí a ò bá rí ẹ̀rí fi hàn láàárín àkókò díẹ̀ tí wọ́n bá fún wa, wọ́n á gba owó náà padà, aṣọ á sì ti lọ.

Ìbéèrè

Màmá kan láti ilé béèrè: “Ọmọ mi, ahunṣọ tí kò ní fóònù ńlá ńkọ́? Ṣé a máa yọ ọ́ sílẹ̀ ni?”

Ẹ ṣé, Mà. A ò ní yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àkáǹtì báńkì nìkan ló nílò, alert á sì wọ fóònù kékeré rẹ̀ bó ṣe máa ń wọlé. Fóònù ńlá, ẹni tó ń bójú tó ìkànnì ló nílò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Houston béèrè: “Kí ló dé tí wọn ò kàn lè máa fi Zelle san án fún mi, kí n máa kó o wálé lóṣooṣù? Ẹ ò ní san 3.9% yẹn.”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi sọ ọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ ni pé a máa rí 3.9% yẹn fi pamọ́. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ yín nìkan ló máa lè rà á, ẹni tí kò mọ̀ yín ò ní fi owó ránṣẹ́ sí orúkọ àjèjì. Àti pé, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí n tún jókòó sí iwájú baba kan láìní èsì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ yìí wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ dìbò lé e lórí, kí ẹ sì fún wa ní orúkọ ẹnìkan ní Kùtọnù àti ẹnìkan ní Lọ́ńdọ̀nù tó máa jẹ́ ojú wa níbẹ̀. Àwọn ahunṣọ mẹ́fà yẹn la máa fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gbà. Baba yẹn náà wà nínú wọn.

Kí òfì ìlú wa má dákẹ́. Àṣẹ.